Ọdún mélòó lèèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó lè ra igbó?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń kà á lórí fóònù pé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Kánádà, téèyàn bá ti pé ọdún 19, ó lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra igbó. Láwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó fàyè gbà á fún fàájì, ọdún 21 ni. Òótọ́ ni, àmọ́ òfin ọ̀hún ò dé Ẹdẹ o.

Ní Nàìjíríà, kò sí ọjọ́ orí kankan téèyàn lè dé tó máa lẹ́tọ̀ọ́ láti ra igbó. Àtọmọ ọdún 16, àti bàbá ẹni 60 ọdún, òfin ò gbà fún wọn. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ lọ́dún 1989 ka rírà mọ́ títà. Ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n gbére.

Sìgá ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Òfin tábà ọdún 2015 ní kí wọ́n má tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ìyẹn ò kan igbó rárá. Òfin igbó ọdún 1966 mẹ́nu ba ọdún 17 lóòótọ́, àmọ́ ìjìyà tọmọdé ló ń sọ, kì í ṣe àyè láti rà á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Pólì Ẹdẹ, Redeemer's àti Adeleke, "ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n bá òun rà á" kì í ṣe àwáwí níwájú adájọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ń mu ún, ẹ má fi pa mọ́ títí wọn ó fi mú un. Ẹ pe NDLEA fún ìrànwọ́ lórí 0800 1020 3040, ọ̀fẹ́ ni.