Ẹyin Tí Ó Sán Kì í Ṣe Ẹyin Àdánù: Bí A Ti Ń Yan Ẹyin Pẹ̀lú Ata Sísun

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó yíyá àti èlé kọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ẹyin ni, pàápàá jù lọ ẹyin tí ó máa ń sán nínú kéréètì kí ó tó dé Ìyìn.

Ẹni tí ó ń ta ẹyin mọ ohun tí à ń wí. Kéréètì kan, ẹyin 30 ni. Bí kéréètì 10 bá wọlé fún ènìyàn láti oko adìẹ, tí ẹyin méjì péré sì sán nínú kéréètì kọ̀ọ̀kan nítorí gbígbọ̀n ọkọ̀, ẹyin 20 ti lọ nìyẹn. Èrè mélòó ni yóò wá dí ojú rẹ̀? Oníbàárà kò ní san owó ẹyin tí ó dá ṣáká lórí èyí tí ó sán. Àwọn kan a kó o fún àwọn tí ń din ẹyin lẹ́bàá títì ní owó pọ́ọ́kú, àwọn mìíràn a sì dín in fún àwọn ọmọ ilé, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, àbí? Ẹni tí ó jẹ tí ó sì ṣẹ́ kù ni orúkọ wa ń pè.

A kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé òun yóò pààrọ̀ bébà owó náírà 200, 500 àti 1,000. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì 2023, owó wọ́n lọ́wọ́ olówó àti tálákà. Adìẹ kò mọ̀ pé owó tuntun kò sí o. Ó ń yé lọ ní tirẹ̀ ni. Ẹyin kún oko àwọn olùsìn adìẹ káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹni tí yóò fi owó rà á kò sí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó pàṣẹ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí ọdún náà yóò fi parí. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò mọ ohun tí a lè fi ẹyin ṣe ju sísè àti dídín lọ, wàhálà ti bá a.

Yíyan ni ohun kẹta náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oúnjẹ òyìnbó ni. Àwọn ará Ítálì ń pe tiwọn ní frittata, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní Tùnísíà, nínú Áfíríkà wa yìí, wọ́n ń yan ẹyin pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran, wọ́n sì ń pè é ní tajine. Àwa náà ń sun ata, a ń sun ìgbá, a ń fi ẹyin sínú mọ́ínmọ́ín. Kí ló wá kù? Àwọn àgbà ayé àtijọ́ kì í fẹ́ kí ọmọdé jẹ ẹyin, wọ́n ní yóò di olè. Ẹ fún wọn jẹ jàre. Nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà èròjà tí ń mú ara dàgbà ni ó wà nínú ẹyin kan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ẹyin tí a lè lò, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹyin tí ó sán lójú yín, tí awọ tín-ín-rín inú rẹ̀ kò ya, tí omi rẹ̀ kò sì jáde, ni kí ẹ lò, lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí ó ti ń jò sára kéréètì, tàbí tí ẹ kò mọ ìgbà tí ó sán, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má wo ojú owó. Kòkòrò àìfojúrí kì í pẹ́ wọ ibi tí èèpo bá ti là. Ẹ má ṣe fọ ẹyin tí ó sán, nítorí omi yóò gbé ìdọ̀tí wọlé. Ẹ máa fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ife, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ tó dà á mọ́ ìyókù. Ẹyin kan tí ó bàjẹ́ lè ba 11 jẹ́.

Fún ẹyin 12, ẹ wá tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo kan tàbí méjì, àlùbọ́sà ńlá méjì, ìgbá márùn-ún àti tòmátì mẹ́ta. Tàtàṣé tí ó ti rọ̀ díẹ̀ kò burú. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Ọjà Ọba ní Adó, ẹ óò rà á ní owó tí ó dẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti bu kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí tòmátì bá wọ́n, ẹ fò ó. Ní oṣù karùn-ún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná tí ìjọba ibẹ̀ fi kéde ìpàjáwìrì, ta ni ó rí tòmátì rà? Ìgbá ni kí ẹ fi kún un.

Ẹ sun gbogbo rẹ̀ lórí èédú títí èèpo yóò fi dúdú tí inú yóò sì rọ̀. Àwọn kan yóò bi wá pé kí ló dé tí a kò kàn gé e sínú ẹyin ní tútù. Omi ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tàtàṣé, ó lé ní 90 tí ó jẹ́ omi, bákan náà ni ìgbá àti tòmátì. Bí a kò bá fi iná lé omi náà jáde, inú ẹyin ni yóò jáde sí, oúnjẹ yóò sì máa ṣomi bí ọbẹ̀ tí kò jinná. Bí ó bá ti sun, ẹ bò ó mọ́ inú abọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèpo yóò ṣí wẹ́rẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi ṣíbí epo mẹ́ta àti iyọ̀ sí i, kí ó tutù kí ẹ tó po ẹyin mọ́ ọn.

Ẹni tí ó ní ófùnù, kó tan án sí 180. Ẹni tí kò ní, ìkòkò irin ńlá tó. Ẹ da iyanrìn tí a ti fọ̀ sínú rẹ̀ kí ó ga tó ìka mẹ́ta, ẹ dé e, ẹ gbé e kaná fún 20 ìṣẹ́jú kí iyanrìn gbóná dáadáa. Ẹ fi epo pa inú páànù tí ó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá, ẹ da ẹyin sí i, ẹ gbé e ka orí iyanrìn, ẹ dé ìkòkò, kí ẹ sì kó ẹyín iná díẹ̀ sórí ọmọrí kí òkè náà lè jinná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o. Èéfín èédú nínú yàrá a máa pa ènìyàn láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹ má ṣe kó iná jù. Láti nǹkan bí ìwọ̀n 62 ni funfun ẹyin ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, nígbà tí omi híhó jẹ́ 100. Iná líle yóò mú kí ẹyin le bí awọ bàtà. Ní nǹkan bíi 35 ìṣẹ́jú, ẹ ti ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Bí ó bá ṣì ń tọ lójú ọ̀bẹ, kò tíì yá, pàápàá nítorí pé ẹyin tí ó sán ni a lò.

Gé sí ọ̀nà mẹ́jọ. Fún ọmọ Èkìtì, ìpápánu lásán ni èyí títí iyán yóò fi dé, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú búrẹ́dì tàbí iṣu sísun láàárọ̀, àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ọlọ́kadà yóò rà á. Àárọ̀ ni kí ẹ yan án, kí ẹ tà á nígbà tí ó gbóná nínú kúlà. Bí ó bá ti tutù, kí ó má ju wákàtí kan lọ nínú oòrùn wa yìí.

Nígbà tí ẹ bá ń dá iye lé e, iye tí ẹ ra ẹyin ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe òfo, bí ó tilẹ̀ sán. Ẹ fi owó ata, epo àti ọ̀rá kún un. Owó èédú ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun náà ló sì ń jẹ èrè. Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́jọ, kí ẹ tó fi èrè lé e.

Ẹni tí kò bá ní páànù lè lo agolo mílíìkì kékeré tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín. Ẹyin kan àti ààbọ̀ tó agolo kan, 20 ìṣẹ́jú ni ó sì ń gbà. Agolo tí ó bá ti dípẹtà, ẹ má lò ó.