Bí Èrò Afòyemọ̀ Ṣe Ń Di Bátànì Aṣọ

Ìfẹ́ kò ní ojú, ìgbádùn kò ní ẹsẹ̀. Báwo ni ayàwòrán ṣe ń yà wọ́n? Ìbéèrè yìí kì í pẹ́ dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, a kò sì tíì ní orúkọ tí ó dúró fún ọgbọ́n náà.

Àwọn obìnrin aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́. Èrò pé ìlú Ìbàdàn dùn ni bátànì tí a ń pè ní Ìbàdàndùn dá lé. Adùn kò ṣeé yà, nítorí náà wọn kò yà á. Àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní ọdún 1929, ni wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà sára aṣọ, tí wọ́n sì fi ṣíbí sí àárín òpó kan sí èkejì. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò ya gbogbo ilé náà. Ẹ̀yà kan tí ará ìlú kò lè ṣì mọ̀ ni wọ́n yọ, tí wọ́n fi nǹkan mìíràn tì í, tí wọ́n sì ń tún un yà léraléra. A dá a lábàá pé kí a pe èyí ní *ìfojúṣàmì*.

Ọ̀nà kejì wà nínú àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà lè sọ pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Mẹ́jọ lè sọ pé èrò àwọn méjèèjì jọra. Owó ẹyọ kò jọ ìfẹ́ rárá. Ìró *fà* àti *jọ* ni ó so wọ́n pọ̀. A ó pe èyí ní *ìfetíṣàmì*. (A kọ́kọ́ ro *ìfìríṣàmì* àti *ìfìróṣàmì*, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbọ́ wọn lókèèrè yóò ṣì wọ́n gbọ́.) Ẹni tí kò bá ronú ní Yorùbá kò lè rí ọ̀nà kejì yìí gbà.

Ní Ìsọlọ̀, ilé-iṣẹ́ aṣọ Aswani tí ó wà lẹ́bàá òpópó Òṣòdì sí Àpápá ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n a ṣì ń ná ọjà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ aṣọ ibẹ̀ ni a ti ya bátànì wọn ní òkè òkun. Òǹtajà ni yóò wo àwòrán, tí yóò sì wá orúkọ fún un. Ọgbọ́n ni èyí náà, kò sì kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀: àwòrán ti ṣáájú èrò.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní *ayọ̀* kò gbọdọ̀ wo aṣọ ọjà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ lè mú gángan wá, etí rẹ̀ lè mú iyọ̀ wá. Kí ó ya okùn awọ ara gángan lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ó sì fi ẹyọ iyọ̀ tó àárín wọn.