Ọmọ, Dùrù àti Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ

Nígbà tí ilé-ìwé bá parí ní oṣù Keje, ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń sanwó rẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ píánò, wọn a ní eré ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ kọ́ orin, kí ó tó bọ́ sí abẹ́ Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, atẹdùrù Kàtídírà Kristi ní Èkó. Akin Euba, tí a bí ní 1935, baba tirẹ̀ náà ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní píánò.

Píánò kì í ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́pọ̀. Olùkọ́ ní láti jókòó ti ọmọ, kí ó máa wo ìka rẹ̀; nítorí àṣìtẹ̀ tí a kò bá tètè tọ́ yóò di bárakú. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ẹ̀kàn ìrókò. Ìsinmi ni àyè irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní Sátidé kan ṣoṣo lọ.

Òótọ́ ni pé píánò kò sí ní ilé mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n mélòó ni a tì pa ní ilé-ìwé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí eruku ń bò? Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ ṣí wọn sílẹ̀ lójú atẹdùrù. Kí àwọn òbí sì dá owó jọ fún un. Bí ó bá jẹ́ ọmọ olówó nìkan ni ó ń kọ́ ọ, ta ni yóò tẹ dùrù fún wa lọ́la?