Ààfin Putbus, Erékùṣù Rügen, Jámánì

Ilé inú àwòrán yìí kò sí mọ́. Ìdílé Putbus ló ni ín, àwọn tí ìran wọn ti ń jọba lé ilẹ̀ ní Rügen láti ayé àtijọ́. Ní 1807, nígbà tí erékùṣù náà ṣì wà lábẹ́ Sweden, ọba ibẹ̀ fi Wilhelm Malte, ọmọ ìdílé náà, joyè ọmọ aládé. Òun ló tẹ ìlú Putbus dó ní 1810. Ọmọkùnrin rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kú, nítorí náà ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún, tó sì gba orúkọ Putbus kí orúkọ náà má bàa parun. Iná jó ààfin ní 1865; wọ́n tún un kọ́.

Malte von Veltheim, àrọ́mọdọ́mọ ìdílé náà, ló ni ín gbẹ̀yìn. Wọ́n mú un lẹ́yìn ìdìtẹ̀ sí Hitler ní Oṣù Keje 1944, ó sì kú ní àgọ́ ìfìyàjẹni Sachsenhausen ní 1945. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba tuntun gba ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n pín in. Ní nǹkan bí 1960 sí 1964, ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì wó ààfin palẹ̀. Lẹ́yìn ìṣọ̀kan Jámánì ní 1990, Franz, ọmọ Malte von Veltheim, pe ẹjọ́. Kóòtù kò dá ogún náà padà fún un.