Banigbé àti Ààlà Tí Wọ́n Fi Ìwé Pa

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí Banigbé àti agbègbè rẹ̀.

Banigbé jẹ́ ọ̀kan nínú arọ́ńdísímà mẹ́fà tí ó wà ní kọmúùnù Ifangni. Àwọn márùn-ún yòókù ni Ifangni fúnra rẹ̀, Daagbé, Ko-Koumolou, Lagbé àti Tchaada. Ṣakété wà ní àríwá kọmúùnù yìí. Nàìjíríà wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀.

Yorùbá àti Ègùn ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí. Ọ̀pẹ ń fún wọn ní epo pupa, àdín àti ìgbálẹ̀.

Báwo ni ààlà ṣe dé?

Láyé àtijọ́, ẹbí kan náà ni àwọn Ìfọ̀nyìn. Ifangni àti Ìfọ̀nyìn, orúkọ kan náà ni. Bí òyìnbó Faransé ṣe gbọ́ ọ ni ó ṣe kọ ọ́.

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan ní Páríìsì. Nínú ìwé náà, wọ́n fa ìlà láti odò Ajárá lọ sí àríwá. Wọ́n ní kí Ìpókíá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ifangni àti Banigbé bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹbí Ìfọ̀nyìn ṣe pín sí méjì. Àwọn kan wà ní Ifangni, àwọn kan wà ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ní ìhà Nàìjíríà.

Ní ọdún 1899, Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí. Nígbà ogun 1914 sí 1918, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe ológun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹ̀bá ààlà di ẹrù wọn, wọ́n sá lọ bá ẹbí wọn ní ìhà kejì.

Ní ọdún 1960, Dahomey àti Nàìjíríà gba òmìnira. Ní ọdún 1975, Dahomey di Benin. Ṣùgbọ́n ìlà ọdún 1889 kò kúrò.

Kí ni ààlà kò lè gé?

Ààlà kò gé ẹbí. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń kọjá lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Igolo ní ìhà Benin àti Ìdìrókò ní ìhà Nàìjíríà ń kọjú síra wọn, ọjà sì ń lọ, ọjà ń bọ̀. Nígbà tí Nàìjíríà ti ààlà rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ọdún 2019, ìhà méjèèjì ni ó mọ̀ ọ́n lára.

Ààlà kò gé ìrànlọ́wọ́ pẹ̀lú. Àwọn àgbẹ̀ ń ṣe àáró: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Àwọn obìnrin ń dá èésú, kí olúkúlùkù lè rí owó ra ọjà.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa?

Àwọn tí ó mọ̀wé ni ó fi ìwé pín ilẹ̀ wa. Àwọn baba wa kò lè ka ìwé náà. Àwa ń kàwé nísinsìnyí.

Ní ọdún 2002, ènìyàn 71,606 ni wọ́n kà ní kọmúùnù Ifangni. Ní ọdún 2013, wọ́n ti lé ní 110,000. Ènìyàn ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Nítorí náà ni ìjà ilẹ̀ ṣe ń wáyé láàárín ọmọ ìyá.

Ẹ má ṣe tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé ilẹ̀ tí ẹ kò tíì kà. Bí ó bá jẹ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó kọ́kọ́ dá oko yìí? Níbo ni pòrègún ààlà wà? Ta ni a jọ pààlà? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kà á sí etí gbogbo ẹbí. Bí àgbà bá kú, ìwé yóò ṣẹ́kù.

Ẹ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Arọ́ńdísímà mélòó ni ó wà ní Ifangni?
2. Ọdún wo ni wọ́n fa ìlà ààlà?
3. Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó tẹ àtàǹpàkò sórí ìwé ilẹ̀?