Ẹ̀rọ Amójútó Bátìrì Kẹ̀kẹ́ Oníná: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Yeoville Mọ̀ Kí Ó Tó Rà Á Tàbí Kí Ó Tó Tún Un Ṣe

Nínú àpótí bátìrì kẹ̀kẹ́ oníná, pátákó kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í béèrè nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu bóyá bátìrì náà yóò tọ́jọ́, bóyá yóò tètè kú, tàbí bóyá yóò gbiná. Ẹ̀rọ amójútó bátìrì ni, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ káàkiri ayé ń pè ní BMS. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan Yeoville gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orí òkè ni wọ́n tẹ adúgbò náà dó sí ní 1890, ní àríwá-ìlà-oòrùn àárín ìlú Johannesburg, àwọn ará Congo, Zimbabwe, Cameroon àti Nàìjíríà sì ń gbé níbẹ̀ lónìí nínú ilé alájà tí èrò kún, níbi tí kẹ̀kẹ́ tí a kò fẹ́ kí olè gbé kò ti ní ibòmíràn láti sùn ju inú yàrá tí ènìyàn ń sùn lọ.

Ohun tí a ń pè ní bátìrì kan yìí jẹ́ àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bátìrì kéékèèké, tí èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ mìlímítà 18 ní ìbú àti 65 ní gígùn. A máa ń so díẹ̀ nínú wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n di ẹgbẹ́ kan, a ó sì wá to àwọn ẹgbẹ́ náà tẹ̀lé ara wọn kí fóltì wọn lè ròpọ̀: ẹgbẹ́ 10 ló wà nínú bátìrì fóltì 36, 13 ló sì sábà máa ń wà nínú ti fóltì 48. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì tó wọ́pọ̀ jù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju fóltì 4.2 lọ nígbà tó bá kún, èyí tó fi jẹ́ pé bátìrì fóltì 48 tó kún dáadáa yóò fi 54.6 hàn lórí mítà, kò sì yẹ kí ẹgbẹ́ kankan wálẹ̀ ju nǹkan bí fóltì 2.5 sí 3 lọ. Ṣájà kò mọ ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì, àpapọ̀ fóltì nìkan ló ń rí, nítorí náà bí ẹgbẹ́ kan bá ti kún jù nígbà tí òmíràn ṣì ń pebi, kò ní dáwọ́ dúró. BMS ni ó ń fi wáyà tín-ín-rín ṣọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bí oníbodè, tó sì ń ti ọ̀nà iná pa nígbà tí ọ̀kan bá kọjá ààlà, nígbà tí ámpù tó ń jáde bá pọ̀ jù, tàbí nígbà tí ooru bá mú jù.

Iṣẹ́ mìíràn tí BMS ń ṣe ni mímú àwọn ẹgbẹ́ dọ́gba, èyí tó ń ṣe nípa jíjó iná díẹ̀ nù lára ẹgbẹ́ tó bá ṣíwájú, kí àwọn tó kẹ́yìn lè bá a. Iná tó ń jó nù yìí kéré gan-an, kì í sábà ju ìdá mẹ́wàá ámpù kan lọ, àti pé nínú ọ̀pọ̀ BMS olówó pọ́ọ́kú, ìgbà tí bátìrì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìkan ni iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ iná ọba ti wọ̀ ọ́. Ní àwọn ọdún tí Eskom, ilé-iṣẹ́ iná ọba South Africa, ń pín iná ní wákàtí-wákàtí, èyí tó le jù lọ ní 2023 kí ó tó rọlẹ̀ láti ìparí oṣù kẹta 2024, ẹni tó ń ṣáàjì kẹ̀kẹ́ lè máà rí iná tó títí bátìrì yóò fi kún. Ẹni tó bá sì ń yọ ṣájà ní ìdajì lójoojúmọ́ nítorí iṣẹ́ ń ṣe irú ohun kan náà sí bátìrì rẹ̀: àwọn ẹgbẹ́ kò ní àyè láti dọ́gba, ìyàtọ̀ àárín wọn ń pọ̀ sí i, títí ẹgbẹ́ kan tó rẹlẹ̀ yóò fi máa mú kí BMS pa iná nígbà tí àwọn yòókù ṣì lágbára. Kí a fi bátìrì sílẹ̀ lórí ṣájà di ìgbà tó kún tán, kí ó sì fi wákàtí bíi mélòó kan pẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ojú ẹni tó jí sílẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ, lè mú bátìrì tí a rò pé ó ti kú padà bọ̀ sípò.

Ní ti yíyàn, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu. Èkíní ni iye ẹgbẹ́, nítorí BMS ẹgbẹ́ 13 kò lè ṣiṣẹ́ fún bátìrì ẹgbẹ́ 14. Èkejì ni irú kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí kì í ṣe fóltì kan náà ni gbogbo wọn fi ń kún. Michael Thackeray, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ South Africa tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CSIR ní Pretoria, wà lára àwọn tó ṣí ọ̀nà fún lithium tí a pò mọ́ manganese nígbà tó bá onímọ̀ bátìrì John Goodenough ṣiṣẹ́ ní Oxford ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ oníwàádìí Goodenough ní Texas gbé lithium oní-irin àti fọ́sífétì jáde, èyí tí a ń pè ní LFP, tí kì í tètè gbiná bíi ti àwọn yòókù. Fóltì 3.65 ni sẹ́ẹ̀lì LFP fi ń kún. Bí a bá wá fi BMS tó ń dúró de 4.2 sí i lára, ààbò ti di òfo nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ámpù, òun sì ni òkè Yeoville ń dán wò. Ẹni tó bá gbé ẹrù láti adúgbò Bertrams, tó gba òpópónà Stewart's Drive gòkè, yóò rí i pé mọ́tò kẹ̀kẹ́ ń fa gbogbo ámpù tí kọntiróólà rẹ̀ gbà á láyè láti fà fún ìṣẹ́jú pípẹ́. Bí kọntiróólà bá jẹ́ ti ámpù 25, BMS tó lè gbé 30 tàbí 40 láìdúró ni ó yẹ, kì í ṣe èyí tó kọ 40 sára tó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ló lè fi gbé e. Síbẹ̀, BMS ńlá kò sọ sẹ́ẹ̀lì aláìlágbára di alágbára. Ṣe ni yóò kàn yọ̀ǹda kí a máa jó o. Ó tún ṣe pàtàkì kí BMS náà ní wáyà tó ń mọ ooru àti òtútù, nítorí pé ní oṣù kẹfà àti ìkeje, òru Johannesburg, ìlú tó ga ní nǹkan bíi mítà 1,750 sí ojú òkun, lè sún mọ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ṣíṣáàjì bátìrì lithium tó tutù ju òdo lọ máa ń bà á jẹ́ ní inú láìhàn sí ojú.

Títún un ṣe gba sùúrù ju yíyàn lọ. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá kú lójijì, ó lè jẹ́ pé BMS ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, torí àwọn kan wà tí kì í jí àfi bí a bá ki ṣájà bọ̀ wọ́n. Bí èyí kò bá ràn án, kí oníṣẹ́ fi mítà wọn fóltì láàárín orí bátìrì méjèèjì gan-an, kí ó sì wọn ti ẹnu tó ń jáde lọ sí kẹ̀kẹ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá pé tí ti èkejì sì jẹ́ òfo, BMS ló ti ọ̀nà pa. Kí ó wá wọn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba tí wọ́n sì wà láàárín ààlà, pátákó náà ni a lè fura sí. Bí ẹyọ kan bá rẹlẹ̀, ìbéèrè tó kù ni bóyá sẹ́ẹ̀lì ló ti gbó tàbí BMS ló ń mu ún gbẹ. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí a ṣáàjì ẹgbẹ́ náà nìkan títí yóò fi bá àwọn yòókù dọ́gba, kí a tú àwọn wáyà tín-ín-rín náà kúrò lára BMS, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan: bí ó bá tún wálẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ni; bí ó bá dúró, BMS ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ti pẹ́ lábẹ́ fóltì 2 kò yẹ fún àjíǹde, nítorí bàbà inú rẹ̀ ti lè yọ́, kí ó sì di afárá fún iná láti inú nígbà tí a bá tún ṣáàjì rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ fi BMS tuntun rọ́pò, wáyà 14 ni ẹgbẹ́ 13 ń lò, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe to tirẹ̀, nítorí náà pé pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ wọ inú tuntun kò túmọ̀ sí pé wọ́n bára mu. Kí a kọ́kọ́ so wáyà nínípọn tó wá láti orí òdì bátìrì mọ́ BMS, kí a wọn wáyà tín-ín-rín lọ́kọ̀ọ̀kan láti rí i pé fóltì ń gòkè ní ìpele tó dọ́gba, kí a tó ki pọ́lọ́ọ̀gì náà bọlẹ̀.

Àṣà kan wà tí kò yẹ kí oníṣẹ́ kankan gbà: kí a so wáyà kọjá BMS kí kẹ̀kẹ́ lè rìn. Ní New York, iná tí bátìrì lithium dá sílẹ̀ ní 2023 jẹ́ 268, ènìyàn 18 ló sì kú. Ọdún náà gan-an ni òfin ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè kí kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n ń tà ní ìwé ẹ̀rí ààbò UL 2849, kí bátìrì sì ní ti UL 2271. Johannesburg mọ ohun tí iná lè ṣe nínú ilé elérò púpọ̀, nítorí ènìyàn 76 ló kú nínú ilé Usindiso ní Marshalltown ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2023, níbi tí ẹnu ọ̀nà títì ti dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ àtisá. Kì í ṣe bátìrì ló fa ti Usindiso, ṣùgbọ́n bátìrì tó bá gbiná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ní fún ẹnikẹ́ni ní àyè ìṣẹ́jú púpọ̀, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí a máa ṣáàjì kẹ̀kẹ́ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí yàrá ní.

Kí ẹ̀yin tó ń tún bátìrì ṣe ní Raleigh àti Rockey Street máa kọ iye ẹgbẹ́, irú kẹ́míkà, ámpù BMS àti ọjọ́ tí ẹ tún un ṣe sára gbogbo àpótí tó bá tọwọ́ yín jáde, kí ẹ̀yin oníbàárà sì kọ̀ láti sanwó fún èyí tí kò bá ní in.