Mọ́ọ̀dù òjé fún ìwọ̀ àti àwọ̀n ẹja

Mọ́ọ̀dù òjé ni ohun èlò tí a ń da òjé yíyọ́ sí kí ó lè gba ìrísí tí apẹja ń fẹ́, ìbáà ṣe òjé etí àwọ̀n tàbí òjé orí ìwọ̀. Ìwọ̀ tí a da òjé mọ́ lọ́rùn ni àwọn apẹja Amẹ́ríkà ń pè ní jig. Ẹja bass ni wọ́n sábà máa ń fi í dẹ, nítorí pé ẹja náà a máa ba sí abẹ́ igi àti koríko inú omi, ibi tí ìwọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ kì í tètè dé. Bass kì í ṣe ẹja odò ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n dída òjé fún ẹja pípa kì í ṣe àjèjì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà.

## Òjé

Òjé wúwo, ó sì rọ̀. Kúbíkì sẹ̀ǹtímítà kan òjé jẹ́ gíráàmù 11.34, ti irin jẹ́ gíráàmù 7.87. Ní ìgbóná 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni òjé ń yọ́, nígbà tí irin kò ní yọ́ títí ìgbóná yóò fi kọjá 1,500. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ da òjé kò nílò ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: iná èédú àti ìkòkò irin ti tó o. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ni ó mú iṣẹ́ náà kúrò ní ilé àrọ, tí ó sì gbé e wọ ẹ̀yìnkùlé ilé.

Yorùbá ti mọ òjé tipẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ òjé jẹ́ àmì àwọn olùsìn Ọbàtálá, òun sì ni òwe ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ní a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òjé wà nínú idẹ àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 pẹ̀lú. Ìda àti amọ̀ ni a fi ń ṣe mọ́ọ̀dù irú ère bẹ́ẹ̀, a sì ní láti fọ́ amọ̀ náà kí ère tó jáde. Mọ́ọ̀dù apẹja yàtọ̀ ní tirẹ̀: ó ní láti ṣí, kí ó pa dé, kí ó sì tún ṣí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà.

## Lágbègbè Òkè-Ògùn

Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, lókìkí nítorí adágún Ìyákẹ̀ tó wà lórí òkè rẹ̀. Àmọ́ omi tí ọ̀rọ̀ ẹja pípa pọ̀ sí jù lágbègbè náà ni Odò Ògùn àti adágún ńlá tí dáàmù Ìkéré ṣẹ̀dá nítòsí Ìsẹ́yìn. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, àwọ̀n àti ìwọ̀ ni apẹja gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọ̀n tí a ń jù ní láti kan ìsàlẹ̀ omi kí ẹja tó sá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí òjé etí rẹ̀ kò bá dọ́gba, apá kan yóò rì ṣáájú, ẹja yóò sì gba apá kejì lọ. Ìdí nìyí tí apẹja fi ń wá mọ́ọ̀dù tí yóò máa fún un ní òjé kan náà lẹ́yìn òmíràn, dípò kí ó máa fi òòlù pa òjé pẹlẹbẹ mọ́ okùn.

## Bí a ṣe ń tún mọ́ọ̀dù ṣe

Mọ́ọ̀dù tí a ń rà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù alápá méjì, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Do-It ní ìpínlẹ̀ Iowa ń ṣe. Ìwọ̀ kan pàtó ni wọ́n ṣe é fún. Bí apẹja bá fi ìwọ̀ tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀, apá méjèèjì kò ní pàdé, òjé yóò sì ṣàn gba àlàfo náà jáde bí ìyẹ́ tín-ín-rín. Àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni láti gbẹ́ ojú ibi tí ìwọ̀ ń jókòó sí. A ó kun ìwọ̀ náà ní yíǹkì tàbí èéfín àbẹ́là, a ó pa mọ́ọ̀dù dé mọ́ ọn, a ó sì ṣí i: ibi tí dúdú bá kàn nìkan ni fáìlì gbọ́dọ̀ kàn. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé ohun tí a gbẹ́ kúrò kò ṣeé dá padà.

Àtúnṣe kejì ni ti ìdènà koríko, ìyẹn wáyà tàbí ìdì okùn líle tó ń dúró níwájú ẹnu ìwọ̀ kí ó má baà kọ́ igi. Wọ́n á gbẹ́ ojú ọ̀nà kékeré sí mọ́ọ̀dù, wọ́n á sì ti ìṣó dídán kan sí i kí wọ́n tó da òjé. Nígbà tí wọ́n bá fa ìṣó náà yọ, ihò tí a ó lẹ ìdènà mọ́ ti wà nílẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni a fi ń dá ihò okùn sí òjé àwọ̀n. Ẹni tó bá sì fẹ́ dí apá kan nínú ihò mọ́ọ̀dù kí orí ìwọ̀ lè kéré, irin tàbí alumíníọ̀mù tí a gé bá a mu ni kí ó fi dí i. Gọ́ọ̀mù lásán kò ní lè fara da iná.

Bí òjé tó jáde bá hunjọ tàbí tí kò kún dé ìpẹ̀kun, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mọ́ọ̀dù jẹ̀bi. Mọ́ọ̀dù tútù ló sábà máa ń fà á. Àwọn tó mọ iṣẹ́ a máa da òjé bíi mélòó kan láìfi ìwọ̀ sí i, wọn a sì dá wọn padà sínú ìkòkò, títí mọ́ọ̀dù yóò fi gbóná. Wọn a tún fi iná àbẹ́là ra inú rẹ̀ dúdú kí òjé lè ṣàn dáadáa. Bí ó bá ṣì kọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó há sínú ihò: a ó fi ọ̀bẹ ha ilà tín-ín-rín láti ìpẹ̀kun ihò náà sí ìta. Bí ilà náà bá fẹ̀ jù, òjé yóò bá a jáde.

Irú òjé náà ṣe pàtàkì. Òjé bátìrì sábà ní antimony nínú, èyí tó mú kí ó le ju òjé lásán lọ. Síǹkì díẹ̀ tó bá já sínú ìkòkò á sọ òjé di kíki, kò sì ní wọ ihò kéékèèké mọ́.

## Ewu

Omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá bọ́ sábẹ́ òjé yíyọ́ yóò di oruku omi lójijì, òjé yóò sì fọ́n ká sí ojú àti ara. Mọ́ọ̀dù amọ̀ tàbí ti POP tí kò gbẹ dénú léwu fún ìdí kan náà.

Ewu kejì kì í pariwo. Eruku òjé, ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí ìkòkò àti ìyẹ̀fun tí fáìlì ń yọ ní ara òjé a máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, aṣọ àti ilẹ̀, ọmọdé a sì máa gbé e sẹ́nu. Ó ń ba ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ní Thiaroye-sur-Mer, ìlú apẹja kan lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn alágbẹ̀dẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ́ bátìrì ọkọ̀ kí wọ́n lè fi òjé inú rẹ̀ ṣe òjé àwọ̀n. Ìdọ̀tí òjé wọ inú iyanrìn àdúgbò náà. Nígbà tí owó òjé gòkè lágbàáyé, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í ra iyanrìn ọ̀hún, àwọn obìnrin sì ń wà á, wọ́n ń jọ̀ ọ́ nínú ilé. Láàárín oṣù Kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù Kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 ni ó kú níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, wúrà ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé ní òjé nínú. Ọmọdé tó lé ní 400 ni ó ṣòfò.

Nítorí èyí, ìta gbangba ni a ti ń da òjé, jìnnà sí ibi ìdáná àti ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ìkòkò òjé kì í tún padà di ìkòkò ọbẹ̀ láé. Bátìrì ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fọ́ nílé rárá, nítorí ásíìdì inú rẹ̀ àti lẹ́ẹ̀dì tó kún fún òjé.

## Àwọn ohun tó ń rọ́pò òjé

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de títa ọ̀pọ̀ òjé ìwọ̀ kéékèèké ní ọdún 1987, nítorí pé àwọn ẹyẹ swan ń gbé e mì, wọ́n sì ń kú. Àdàlù bismuth àti tánńganran ṣeé dà sínú mọ́ọ̀dù kan náà. Ó tilẹ̀ ń yọ́ ní ìgbóná 138 péré bí a bá pò ó ní ìdá 58 sí 42. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀ rẹ̀ wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀ ní láti gbẹ́ ihò mọ́ọ̀dù náà tóbi sí i. Fún àwọ̀n, òkúta àti amọ̀ sísun tí a lu ihò sí ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú òjé, wọ́n sì ṣì ń ṣe é.